Ìlà Tó Tú Lẹ́yìn Fọ́tò Múlíkà

Ẹ̀yin ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wọ ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ ní Ṣàngó-Ọ̀tà, ọ̀rọ̀ yìí kò tíì pẹ́. Ìgbà tí sẹ́nétọ̀ ẹkùn wa kú sẹ́nu iṣẹ́ ni, tí ẹgbẹ́ òṣèlú wa ní kí àwa ọmọ ẹgbẹ́ yan ẹni tí yóò díje fún ipò náà. Mo ti fẹ̀yìn tì nílé iṣẹ́ ike, ṣùgbọ́n Màmá Yúníọ̀nù ni wọ́n ṣì ń pè mí.

Múlíkà la fà kalẹ̀. Ẹ̀rọ kan náà lèmi àti ẹ̀ jọ dúró tì fún ọdún pípẹ́. Ohun kan ṣoṣo ló fẹ́ bá lọ sí Àbújá: òfin tí kò ní jẹ́ kí wọ́n máa lo ènìyàn ní kásúà títí irun orí rẹ̀ yóò fi funfun. Ẹ̀yin náà mọ kásúà: o ṣàìsàn lónìí, wọ́n ti fi ẹlòmíràn rọ́pò rẹ lọ́la. Kọ̀ńtírátọ̀ tó ń kó kásúà fún àwọn ilé iṣẹ́ gan-an ló ń bá a du ipò.

Ìlà la fi ń dìbò abẹ́lé lọ́dọ̀ wa. Ẹnì kan á gbé fọ́tò olùdíje dání níwájú, àwọn tó fẹ́ ẹ á tò sẹ́yìn, wọ́n á sì ka orí. Ẹni tó gbé fọ́tò kì í wẹ̀yìn, kó má baà fojú dẹ́rù ba ẹnikẹ́ni. Èmi ni mo gbé ti Múlíkà láàárọ̀ ọjọ́ náà, nínú ọgbà ilé ẹ̀kọ́ kan lọ́nà Ìjòkó. Kí n tó kọjú síwájú, ìlà wa ti gùn dé ẹnu géètì. Àwọn tó ṣiṣẹ́ òru ò tilẹ̀ délé kí wọ́n tó wá. Orí mi wú.

Àfi bí mo ṣe gbọ́ ohùn Wàsíù lẹ́yìn mi, kásúà kan tí Múlíkà jà fún nígbà tí ẹ̀rọ gé e lọ́wọ́. Ó ń ka ọjà tẹ́tẹ́ kan sókè lórí fóònù, níbi tí wọ́n ti ń ta tẹ́tẹ́ lórí ẹni tó máa wọlé bí ẹni ta tẹ́tẹ́ bọ́ọ̀lù; bí owó bá ṣe pọ̀ tó lórí olùdíje ni pásẹ́ńtì rẹ̀ ṣe ń ga tó.

"Wọ́n ti já Ẹ̀gbọ́n Múlíkà wálẹ̀ o! Ẹ̀ìtì pásẹ́ńtì péré!"

"Ta ló fún un ní ẹ̀ìtì?" Mi ò wẹ̀yìn.

"Àwọn tó mọ̀dí ẹ̀ ni, Màmá. Èèyàn ò lè máa fowó ẹ̀ ṣeré. Àwọn ọ̀gá ẹgbẹ́ ti parí ẹ̀ ní Abẹ́òkúta."

"Ṣé wọ́n ti ka orí tìẹ náà ní Abẹ́òkúta ni?"

Mo gbọ́ tó ń ka iye náà fún ẹni tó tẹ̀ lé e.

Ẹ mọ bí a ṣe ń ṣe níhìn-ín. A gbà pé ìbò ẹni tó máa fìdí rẹmi, ìbò òfò ni, àti pé ẹni tó bá wọlé kò ní gbàgbé àwọn tó tò sẹ́yìn rẹ̀. Mo ń gbọ́ tí ẹsẹ̀ ń sọdá. Ariwo ẹ̀yìn mi ń fẹ́lẹ́, ti ìlà kejì ń ki. Nígbà tí wọ́n ka orí tán tí mo wẹ̀yìn, àwọn ìyá àgbà àti ọkùnrin díẹ̀ ló kù. Wàsíù wà lẹ́yìn kọ̀ńtírátọ̀, ó ń wolẹ̀.

"Màmá, ẹ má bínú. Mi ò lè tò sẹ́yìn ẹni tó ti ṣubú."

"Ta ló tì í ṣubú, Wàsíù?"

Iye tí wọ́n fi jù wá lọ kò tó àwọn tó sọdá; ká ní wọ́n dúró ni, àwa là bá wọlé. Mo sunkún níbẹ̀, ojú ò tì mí. Múlíkà ò sunkún. Ó ń kí àwọn tó dúró lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń kúnlẹ̀ fún àwọn ìyá. Ní ìrọ̀lẹ́, àwọn onítẹ́tẹ́ ń yangàn pé àwọn ti sọ.

Àwọn ìyá wọ̀nyẹn ṣì ń ṣèpàdé lọ́dọ̀ Múlíkà, èrè wa nìyẹn. Kọ̀ńtírátọ̀ wọlé ìbò gbogbogbò, ó ti wà ní Àbújá, kò sì sẹ́ni tó gbọ́ ọ̀rọ̀ òfin kásúà lẹ́nu rẹ̀. Wàsíù ṣì ń ṣe kásúà.

Mo ti rí ìbò tí wọ́n fi ọlọ́pàá àti tọ́ọ̀gì jí, mo sì mọ olè rẹ̀ lórúkọ. Ti ọjọ́ yìí dùn mí jù ú lọ, nítorí bí ikú ilé ò pani, tòde ò lè pani. Àwọn ọmọ tó sọdá náà ti wá dọ̀bálẹ̀ bẹ̀ mí, mo sì ti dárí jì wọ́n. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ẹ̀bẹ̀ ni wọ́n jẹ Múlíkà. Lọ́jọ́ tí a bá tún tò, kí wọ́n dúró.