Orin Tó Ṣẹ́kù Lẹ́yìn Wáàsí

Ariwo ni Kafilat ń pè é láti ọjọ́ tí Ismaeel ọkọ rẹ̀ ti mú un wọlé. Kásẹ́ẹ̀tì kan ni. Àwọn ọ̀dọ́kùnrin mẹ́rin ará Amẹ́ríkà ló kọ orin inú rẹ̀, irú rọ́ọ̀kì tó le jù, tí wọ́n ń pè ní tráàṣì mẹ́tàlì. Gìtá wọn a máa sáré bí ẹni tí ajá ń lé, ìlù wọn a sì máa rọ́ wálẹ̀ bí yìnyín lórí páànù. Ìbàdàn ni Ismaeel ti rà á ní 1987, nígbà tó ń kẹ́kọ̀ọ́ níbẹ̀, kò sì jẹ́ kó jìnnà sí òun mọ́.

Olùkọ́ físíìsì ni Ismaeel ní Ìwó, ọmọ ilé kéú sì ni. Àáfà ni bàbá rẹ̀, àáfà ni Mùkáílà ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ó ń kírun, ó ń gbààwẹ̀, kì í mutí. Kí ló wá pa irú ẹni bẹ́ẹ̀ pọ̀ mọ́ igbe àwọn onírun gígùn? Ohun tí gbogbo agboolé ń bèèrè nìyẹn. Ẹ̀ẹ̀mejì ni Àáfà Mùkáílà wá bẹ̀ ẹ́ pé kó lọ sọ ọ́ nù.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹ́ n túmọ̀ ẹ̀ fún yín," ni Ismaeel wí. "Ogun ni wọ́n ń bá wí níbí. Wọ́n ní ọmọ tálákà ni wọ́n ń kó lọ kú, ọmọ olówó wà nílé tó ń jẹun. Èyí tó tẹ̀ lé e, adájọ́ tó ń gba rìbá ni. Ṣé kì í ṣe ohun tí ẹ̀yin náà fi ń ṣe wáàsí ni?"

"Wáàsí kì í ya ni létí," ni Àáfà fi dá a lóhùn.

Ayé sójà ni ayé ìgbà náà, owó oṣù olùkọ́ lè pẹ́ tó oṣù mẹ́ta. Ismaeel a wọlé, ojú rẹ̀ a pọ́n kuku, ṣùgbọ́n kò ní bá ẹnikẹ́ni jà. Á ti kásẹ́ẹ̀tì rẹ̀ bọ inú rédíò. Kafilat a pariwo láti ìdí ààrò: "Bàbá Sodiqat, ẹ jọ̀ọ́, ẹ yí i sílẹ̀!" Bí orin ìkẹyìn bá parí, á jáde, ojú rẹ̀ á ti rọ̀, á bèèrè oúnjẹ.

"Ó ti pé ọdún mẹ́sàn-án, kò gbó," lá wí. "Inú ń bí àwọn ọmọ yìí jù mí lọ, síbẹ̀ ìkankan nínú wọn ò ṣi ẹsẹ̀ gbé. Béèyàn bá máa bínú, bó ṣe yẹ kó bínú nìyẹn."

Ní 1996, ibà ọjọ́ mẹ́rin ló mú un lọ.

Ọjọ́ keje, Fàtímọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, tó wà nílé ọkọ ní Kuta, wá bá Kafilat. Àṣà wọn ni kí wọ́n gba wáàsí fídáù ọjọ́ kẹjọ sílẹ̀, kí wọ́n pín in fún ẹbí. Kásẹ́ẹ̀tì àlòkù ni wọ́n sì ń lò.

"Ìyàwó, ṣé a lè rí kásẹ́ẹ̀tì nílé yìí?"

Kafilat nawọ́ sí páálí abẹ́ tábìlì. "Ẹ kó gbogbo ẹ̀, ẹ̀gbọ́n mi."

Ta ló ń rántí rọ́ọ̀kì nínú ọ̀fọ̀? Ismaeel ti ṣẹ́ eyín kékeré méjèèjì tó wà lẹ́yìn kásẹ́ẹ̀tì náà kí ẹnikẹ́ni má baà lè gba nǹkan mìíràn sórí rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń gba wáàsí ju ìyẹn lọ. Ó ki bébà bọ ojú ihò, ó bó orúkọ àtijọ́ kúrò, ó sì lẹ orúkọ olóògbé mọ́ gbogbo wọn. Mẹ́tàlá ni wọ́n, ilé mẹ́tàlá ni wọ́n gbà lọ.

Ọjọ́ Jímọ̀ tó tẹ̀ lé e, àsìkò tí Ismaeel máa ń wọlé tó. Kafilat wà nídìí ààrò, ó ti la ẹnu láti kígbe, kó tó mọ̀ pé kò sí ohun tó ń dún. Ìgbà yẹn ló rántí páálí náà. Gbogbo ìbínú tí ọkọ rẹ̀ kò gbé wá bá òun, inú orin yẹn ló ń gbé e sí. Òun fúnra òun ló sì fi ọwọ́ ara òun kó o síta. Bẹ́ẹ̀ ni kò lè wá a lọ, inú opó oṣù mẹ́rin àti ọjọ́ mẹ́wàá ló wà.

Nígbà tí Àáfà Mùkáílà wá kí i ní ìrọ̀lẹ́, Kafilat kúnlẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ dákun, ẹ má bínú. Kásẹ́ẹ̀tì ariwo ọjọ́ yẹn, ó wà lára èyí tí mo kó sílẹ̀ fún wáàsí. Ẹ bá mi wá a."

Àáfà dìde, ó bọ́ síta. Ọjọ́ márùn-ún gbáko kò yọjú. Kafilat gbà pé òun ti ṣẹ̀ ẹ́.

Lọ́jọ́ kẹfà, ọ̀kadà já Àáfà sílẹ̀, eruku pupa bo jàlàbíà rẹ̀. Ó yọ kásẹ́ẹ̀tì kan lápò.

"Gbogbo wọn ló jọra," ló wí. "Mo ní láti jókòó gbọ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan dé ìparí. Mo gbọ́ ọ ní Ìwó níbí, mo gbọ́ ọ ní Ilé-Ogbó. Wáàsí ara mi, ìyàwó! Ó sú mi. Ilé Fàtímọ̀ ní Kuta ni mo ti wá rí i. Wáàsí ti jẹ gbogbo rẹ̀, orin ìkẹyìn nìkan ló kù."

Ó tì í bọ inú rédíò. Ohùn Àáfà jáde, ó ń tọrọ àforíjì fún òkú, àwọn ènìyàn ń ṣe àmín. Lẹ́yìn náà, ohun kan dún kà, ìlù àti gìtá sì ya wọlé lẹ́ẹ̀kan náà.

Àáfà kò dí etí. Omi ń bọ́ lójú rẹ̀ sínú irùngbọ̀n.

"Èmi ni mo wẹ̀ ẹ́," ló wí. "Èmi ni mo kírun sí i lára. Èmi ni mo ṣe wáàsí. N kò sunkún. Ìgbà tí ariwo yìí bẹ̀rẹ̀ nílé Fàtímọ̀ ni mo tó mọ̀ pé àbúrò mi ti kú."

Kafilat na ọwọ́ sí rédíò, ó yí i sókè.