Àna Tí Kò Dọ̀bálẹ̀

Àtẹ́lẹwọ́ ọkọ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ni mo fi ń rántí rẹ̀. Mùsùlùmí ni, télọ̀ ní Òkè Fíà, ní Òṣogbo. Kí òmìnira tó dé, bó bá wá kí bàbá wa ní Iléṣà, á lóṣòó, á fi àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì kan ilẹ̀.

"Ẹ káàsán, Bàbá. Ẹ má bínú, Ọlọ́run nìkan ni mò ń forí balẹ̀ fún."

Bàbá kì í dáhùn. Bó bá lọ tán, wọn á ní, "Ṣé ẹ̀yìn rẹ̀ kì í tẹ̀ ni? Àna tí kò dọ̀bálẹ̀, àlejò ni." Ẹ̀gbọ́n mi ṣáà ń retí ọjọ́ tí wọn yóò dáhùn.

Bàbá kú. Àna ní í gbẹ́ sàréè láàrin wa, òun ló sì gbẹ́ ẹ. Mo rí i tó kúnlẹ̀ nínú kòtò, tó ń fi àtẹ́lẹwọ́ tẹ́ ìsàlẹ̀ rẹ̀ kó lè dán.

"Ẹ káàsán, Bàbá," ló wí.

N kò lè sọ pé ìdọ̀bálẹ̀ ni. Ẹ̀gbọ́n mi dúró létí kòtò, ó ṣì ń tẹ́tí.