Àwọn Ẹlẹ́rìí Tí Ẹ̀gbọ́n Mi Háyà fún Pupuru

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ń ṣe pupuru tà ní Àyèká. Bó bá bó ẹ̀gẹ́ tán, yóò rẹ ẹ́ sómi títí yóò fi rọ̀, yóò fún omi rẹ̀ dànù, yóò mọ ọ́n ribiti, yóò sì tò ó sórí àjà tí èéfín ń rú lábẹ́ rẹ̀. Tí a bá ha ẹ̀yìn dúdú rẹ̀ kúrò, inú rẹ̀ a funfun báláú. Láti Okitipupa dé Osooro, wọ́n mọ pupuru rẹ̀. Ṣùgbọ́n ó fẹ́ kí àwọn ará ọ̀nà jíjìn náà mọ̀ ọ́n, ló bá ní kí n ṣe ìkànnì fún òun lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, nítorí iṣẹ́ kọ̀ǹpútà ni mo ń kọ́ àwọn èèyàn.

Mo ṣe é, ó sì dára. Wàhálà ibẹ̀ ni pé bí èèyàn bá tẹ "pupuru" sínú ẹ̀rọ tó ń báni wá nǹkan lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, àwọn ẹlòmíràn ló máa ń gbé jáde. Tiwa wà lẹ́yìn pátápátá, níbi tí ẹnikẹ́ni kì í wò dé.

"Ṣé pupuru tiwọn dùn ju tèmi lọ ni?" ló bi mí.

Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ̀rọ yẹn kò lẹ́nu tó lè fi tọ́ ọ wò. Àwọn ìkànnì tó ní líǹkì, ìyẹn ibi tí èèyàn ń tẹ̀ láti bọ́ sí ìkànnì mìíràn, tó wá sí tiyín ló ń wò, àti irú ẹni tí wọ́n jẹ́. Líǹkì dà bí ẹlẹ́rìí. Bí àlejò bá wọ ìlú yìí, tí baálé tí a bọ̀wọ̀ fún sọ pé òun mọ̀ ọ́n, a ó fún un ní àga. Bó bá jẹ́ àwọn ọmọ ìta ló ń jẹ́rìí rẹ̀, a ó ti ilẹ̀kùn."

"Ẹlẹ́rìí ni mo nílò, àbí?"

"Ẹlẹ́rìí ni. Ṣùgbọ́n díẹ̀díẹ̀ ni o, kó sì jẹ́ àwọn tó mọ̀ yín lóòótọ́."

Apá àkọ́kọ́ nìkan ló gbọ́. Kò pẹ́ tó fi gun ọ̀kadà lọ sí Ode-Irele, lọ bá ọkùnrin kan tó ń polówó pé òun lè ti ìkànnì ẹnikẹ́ni bọ́ síwájú. Ọkùnrin náà kò tilẹ̀ bi í ní ohun tó ń tà. Ó gba àdírẹ́sì ìkànnì àti nọ́ńbà fóònù, ó tẹ kọ̀ǹpútà rẹ̀, ó ní kó máa lọ sílé, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ẹlẹ́rìí ti ń bọ̀.

Mo wà lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n mi, à ń bó ẹ̀gẹ́ láàárọ̀ ọjọ́ kan, nígbà tí ìpè àkọ́kọ́ wọlé. Ó tẹ̀ ẹ́ sórí sípíkà. Ọkùnrin kan ni, ohùn rẹ̀ wálẹ̀ bíi ti ẹni tó sá pamọ́ sí ẹ̀yìnkùlé.

"Ẹ kú iṣẹ́, Mà. Orí íńtánẹ́ẹ̀tì ni mo ti rí nọ́ńbà yín. Ṣé ó ṣì wà?"

"Ó wà dáadáa, ọmọ mi."

"Ṣé ó le?"

"Ó le bí òkúta. Iná la fi gbẹ ẹ́."

"Ṣé ó máa ń pẹ́?"

"Bí omi kò bá ti kàn án, oṣù méjì, kò ní rọ̀."

"Oṣù méjì," ni ọkùnrin náà wí jẹ́jẹ́. "Mà, wákàtí kan ti tó mi. Báwo ni wọ́n ṣe ń lò ó?"

"Wàá fi ọ̀bẹ ha ara rẹ̀ títí yóò fi funfun, wàá gún un nínú odó, wàá wá rò ó sínú omi gbígbóná."

Ìpè já.

"Nẹ́tíwọ́ọ̀kì," ni ẹ̀gbọ́n mi wí, ó sì mú ẹ̀gẹ́ mìíràn.

Kó tó di ọ̀sán, ẹlòmíràn ti pè láti béèrè ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù tí yóò borí lópin ọ̀sẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi, ọmọ ìjọ Aládùúrà tòótọ́, ní kó fún òun láyè kí òun gbàdúrà sí i. Ìgbà yẹn ni mo fọwọ́, mo gbé kọ̀ǹpútà mi.

Mo rí àwọn ẹlẹ́rìí wa. Ìkànnì oògùn ale, ìkànnì àwọn oníbẹ́ẹ̀tì, àti àwọn kan tí èdè wọn kò yé mi. Ìkéde oògùn àti bẹ́ẹ̀tì kan náà ni ọkùnrin Ode-Irele ń lò fún gbogbo oníbàárà rẹ̀. Nọ́ńbà ẹ̀gbọ́n mi ló kàn lẹ̀ mọ́ ọn. Mo ṣàlàyé fún un.

"Ẹni àárọ̀ yẹn," ló wá wí, "tí mo ní kó fi ọ̀bẹ ha..." Kò lè parí rẹ̀. Ó fi ìró bojú, èjìká rẹ̀ ń gbọ̀n. Mo rò pé ẹkún ni, mo ti ń wá ọ̀rọ̀ ìtùnú, àfi ìgbà tó ṣubú sórí èèpo ẹ̀gẹ́, tó ń rẹ́rìn-ín.

Ẹ̀rín náà kò pẹ́. Láàárín ọjọ́ mélòó kan, ẹ̀rọ tó ń báni wá nǹkan lé wa kúrò lójú rẹ̀ pátápátá nítorí irú ẹlẹ́rìí tí a ní. Mo kọ̀wé sí àwọn ìkànnì burúkú yẹn pé kí wọ́n yọ líǹkì wa kúrò. Àwọn tí kò dáhùn, mo sọ fún àwọn tó ni ẹ̀rọ náà pé kí wọ́n má ka ẹ̀rí wọn mọ́ wa lọ́rùn. Lẹ́yìn náà la bẹ̀rẹ̀ sí í wá ẹlẹ́rìí gidi. Ìjọ ẹ̀gbọ́n mi kọ nípa oúnjẹ tó sè fún ìkórè sórí ìkànnì wọn. Obìnrin kan tó ń ta ẹja gbígbẹ fi líǹkì wa sí abẹ́ ẹja rẹ̀, nítorí ẹja àti pupuru jọ máa ń wà nínú àwo ni.

Èyí tó ràn wá lọ́wọ́ jù ni olùkọ́ kan tó ń kọ̀wé nípa oúnjẹ ilẹ̀ Ìkálẹ̀. Ó ní òun yóò wá fojú ara òun rí i. Ẹ̀gbọ́n mi wọ aṣọ funfun wọnú ahéré èéfín nítorí fọ́tò. Nígbà tí wọn yóò fi jáde, aṣọ ti di eérú, ojú olùkọ́ sì ń da omi bí ẹni tí wọ́n túfọ̀ fún. Ohun tó kọ dùn, ó sì fi líǹkì sí i.

Díẹ̀díẹ̀ la ń gòkè. Ní báyìí a ti wà lójú ewé àkọ́kọ́, níbi àárín. Ẹ̀gbọ́n mi máa ń wò ó láràárọ̀ kó tó dáná. Bí ẹnìkan bá yọ síwájú wa, kì í dá mi lóhùn títí ọ̀sán yóò fi pọ́n.