Òrìṣà Tó Yíjú Sẹ́yìn Ògiri

Òórùn òróró àgbọn ló máa ń kọ́kọ́ pàdé mi lẹ́nu ọ̀nà yàrá wa ní Hor Al Anz, nílẹ̀ Lárúbáwá níbí, kí n tó bọ́ bàtà rárá. Irun ìyá Íńdíà tó ń sùn ní bẹ́ẹ̀dì ìsàlẹ̀ tèmi ló ti ń wá. Ìwọ náà mọ bí bedspace ṣe rí: aṣọ ìkélé ló ya bẹ́ẹ̀dì kan sí èkejì, bí ẹnì kan bá sín, gbogbo ilé ló máa kí i pẹ̀lẹ́. Aunty la máa ń pe ìyá náà. Ṣọ́ọ̀bù télọ̀ kan ní Sharjah ni wọ́n ti ń ránṣọ. Tí wọ́n bá dé nírọ̀lẹ́, òwú kéékèèké á ti lẹ̀ mọ́ wọn láṣọ.

Obìnrin tó dàgbà jù nínú àwa yòókù, Ẹ̀gbọ́n la ń pè wọ́n. Deira ni wọ́n ti ń ra ọjà ránṣẹ́ sí Èkó, born-again paraku sì ni wọ́n. Lọ́jọ́ tí Aunty gbé àwòrán òrìṣà wọn sórí tábìlì, Ẹ̀gbọ́n figbe ta. "Ha! Aunty, no o, not in this room. Mi ò lè máa gbàdúrà kí ère máa wò mí lójú." Aunty ò jà. Wọ́n lẹ àwòrán náà mọ́ inú ilẹ̀kùn kọ́bọ́ọ̀dù wọn, wọ́n sì pa ilẹ̀kùn dé. Àánú wọn ṣe mí, ṣùgbọ́n ta ni mo jẹ́ tí mo máa bá Ẹ̀gbọ́n jiyàn?

Ọjọ́ kan tí èmi àti Aunty jọ rìn lọ sétí omi Creek, níbi tí àwọn ọkọ̀ onígi ti ń kó ẹrù, ni wọ́n sọ ìtàn tẹ́ḿpìlì ìlú wọn fún mi. Òkun ló gbé òrìṣà náà wá. Ìjì fẹ́ gbé ọkọ̀ kan mì ní èbúté wọn láyé àtijọ́, bàbá mímọ́ kan sì gbàdúrà títí ọkọ̀ fi gúnlẹ̀. Ọ̀gá ọkọ̀ ní kí bàbá mú ohun tó bá wù ú. Bàbá fi gbogbo ọjà sílẹ̀, ó mú òkìtì amọ̀ kan. Amọ̀ fọ́, ère Krishna nígbà tó wà lọ́mọdé ló bọ́ síta, òun ni wọ́n kọ́ tẹ́ḿpìlì fún. Nígbà tó yá, olùfọkànsìn kan wá tí wọ́n kà sí ẹni yẹpẹrẹ, wọn ò jẹ́ kó wọlé. Ó lọ dúró lẹ́yìn tẹ́ḿpìlì, ó ń kọrin sí ògiri. Ògiri là, òrìṣà sì yíjú padà, ó kọjú sí i. Wọ́n ṣe fèrèsé kékeré síbi tó là yẹn, ibẹ̀ ni olówó àti tálákà ti kọ́kọ́ ń yọjú wò ó títí dòní.

Ọmọbìnrin kan ṣoṣo tí Aunty bí, tó wà nílé ní Íńdíà, lóyún nígbà yẹn, ọmọ àkọ́kọ́ tó bí ò sì yè. Aunty ti pinnu pé àwọn á lọ yọjú ní fèrèsé yẹn kí ọmọ náà tó bí. Ṣùgbọ́n wọ́n ṣì ń bá wọn tún visa ṣe, passport wọn wà ní ọ́fíìsì, wọn ò lè rìnrìn-àjò.

Ọ̀sán Friday kan, Ẹ̀gbọ́n pe àwọn obìnrin ṣọ́ọ̀ṣì wá ṣe fellowship, wọ́n kún orí gbogbo bẹ́ẹ̀dì. Mo ń ti ibi tí mo ti lọ ra omi bọ̀ ni mo bá Aunty ní kọ́rídọ̀, iwájú orí wọn lẹ̀ mọ́ ògiri, phone wà lọ́wọ́ wọn.

"Aunty, kí ló dé?"

"Ọmọ mi ń rọbí láti àárọ̀. Kò tíì bí. Ẹ̀rù ń ba àwọn dókítà."

"Ẹ wá dúró síta?"

"Àwọn akka ń gbàdúrà." Bí wọ́n ṣe ń pe ẹ̀gbọ́n obìnrin lédè wọn nìyẹn. "Kọ́bọ́ọ̀dù mi wà lẹ́yìn ògiri yìí."

Ọkàn mi gbọgbẹ́. Mo wọlé, mo sọ ọ́ sí Ẹ̀gbọ́n létí, mo fi ìtàn ògiri yẹn kún un. Àtẹ́wọ́ dákẹ́.

"Ọmọ rẹ̀ ń rọbí, òun náà sì wà ní kọ́rídọ̀?" Ẹ̀gbọ́n dìde. Mo ti rò pé wọ́n fẹ́ lọ wàásù fún ìyá olóyún ni, mo mọ̀ wọ́n. Ṣùgbọ́n ọwọ́ Aunty ni wọ́n mú. "Aunty, yalla, come inside." Wọ́n mú wọn dé iwájú kọ́bọ́ọ̀dù, wọ́n sì fọwọ́ ara wọn ṣí i. "You call your own. Àwa náà á pe tiwa."

Obìnrin kan gbé báàgì rẹ̀, ó ní òun ò lè bá wọn lọ́wọ́ sí irú èyí, ó bá tirẹ̀ lọ. Ẹ̀gbọ́n ò wò ó. Wọ́n kúnlẹ̀, gbogbo àwọn tó kù sì kúnlẹ̀, torí kò sí abiyamọ nínú wọn tí kò mọ ohun tí ọjọ́ ìkúnlẹ̀ jẹ́. "A ó gbóhùn ìyá, a ó gbóhùn ọmọ!" "Àmín!"

Ohùn ti há wa kí phone tó dún. Aunty ò lè gbé e, Ẹ̀gbọ́n ló gbà á. Èdè tí wọn ò gbọ́ ni wọ́n ń gbọ́, wọ́n ṣáà tẹ́tí. Lójijì wọ́n kígbe, "Ọmọ ń ké!" Kíá, ojú wọn tún le. "The mother nkọ́? Put the mother!" Nígbà tí ohùn fẹ́ẹ́rẹ́ kan dáhùn níbẹ̀, Ẹ̀gbọ́n fi phone sétí Aunty, wọ́n jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, wọ́n sunkún.

Ẹ̀gbọ́n ní Jésù ló ṣe é, Aunty ní Krishna ni. Wọn ò fi ọ̀rọ̀ náà jà rí. Èmi ò tíì dé tẹ́ḿpìlì yẹn. Mo ti rò pé ìtàn agbára òrìṣà kan ni Aunty sọ fún mi, láìmọ̀ pé ìtàn ẹni tí wọ́n tì síta ni. Láti ọjọ́ yẹn, bí àdúrà bá ti ń dùn jù níbi tí mo wà, mo máa ń dìde lọ wo ẹni tó wà níta.