Ìdáhùn tí Tíṣà Fẹ́ Kí N Fi Tọrọ Owó Ilé-Ìwé

Ẹ má bi mí léèrè ohun rere nípa tíṣà ìṣirò tí wọ́n gbé wá bá wa ní Ugbonla, ìlú wa létí òkun, láti ilẹ̀ òkè. Mo yọ ṣùtì sí i nígbà náà, mo ṣì ń yọ ọ́ sí i. Bí ó bá ti ń kọjá níbi tí àwọn ìyá wa ti ń yan ẹja, á fi hánkáṣíìfù bo imú. Àgbá òfìfo ni, ariwo ṣáá.

Lọ́dún yẹn, iléeṣẹ́ epo kan ní àwọn yóò rán ẹnì kan ṣoṣo nínú wa lọ sí yunifásítì, ẹni tó bá gbégbá orókè nínú ìdánwò ìṣirò. Epo ti ba omi wa jẹ́, òfìfo ni àwọ̀n bàbá mi ń bọ̀ lójoojúmọ́. Bí n kò bá rí àǹfààní yìí gbà, ìwé mi parí nìyẹn.

Ọ̀gbẹ́ni wá ń kọ́ wa ní áljẹ́bírà, bí òfin kan ṣe máa ń wà nínú òmíràn. Òfin f ní ká sọ nọ́ḿbà di ìlọ́po méjì. Òfin g ní ká fi mẹ́ta kún un. Ó kọ f(g(4)) sójú pátákó, ó ní f ló ṣáájú, torí pé ọwọ́ òsì la ti ń kàwé: mẹ́jọ, lẹ́yìn náà mọ́kànlá. Mo ní rárá o, g tó wà nínú la ó kọ́kọ́ ṣe: méje, lẹ́yìn náà mẹ́rìnlá. Mo ní ṣebí a máa ń ká ẹja, ká fi igi há ìrù mọ́ ọn lẹ́nu, ká tó gbé e sórí iná. Ẹni tó bá yan án tán kó tó ká a, á dá a sí wẹ́wẹ́ ni. Kíláàsì bú sẹ́rìn-ín. Ó ní kí n kúnlẹ̀, pé orí ẹja ló wà lọ́rùn mi. Òpònú ọkùnrin.

Ta ni wọ́n wá ní kó máàkì ìdánwò náà? Òun náà ni. Ọmọkùnrin kan tó kọ mọ́kànlá sí f(g(4)) nínú ìdánwò fi ìbéèrè yẹn nìkan jù mí lọ.

Bàbá mi di ìwọ̀nba ẹja yíyan tó kù nílé sínú agbọ̀n, ó fi ọkọ̀ gbé mi lọ bẹ tíṣà nílé rẹ̀. Ẹni tó ń bo imú yára nawọ́ gba agbọ̀n. Ó ní òun ò tíì fi orúkọ ránṣẹ́. Kí n ṣáà gbà lójú bàbá mi pé mọ́kànlá ni, òun á fi tèmi ránṣẹ́. Bàbá mi kò mọ̀ọ́kọ, kò mọ̀ọ́kà. Ó kàn ń wò mí, ojú rẹ̀ ń bẹ̀ mí. Ó dùn mí wọra.

“Mẹ́rìnlá ni,” mo ní.

Tíṣà ti ilẹ̀kùn mọ́ wa, òun àti ẹja wa nínú ilé.

Bàbá mi tukọ̀ títí a fi dé àárín omi. Ó wá bi mí pé, “Ṣé ó dá ọ lójú?”

“Ó dá mi lójú, Bàbá.”

“Ó dáa. Láti ọ̀la lọ, àwa méjèèjì la ó jọ máa lọ dẹ àwọ̀n.”