Ṣòkòtò Tó Dùn Mọ́ Ewúrẹ́ Lẹ́nu

Nígbà tá a kó dé Ìdímù, èmi kì í ra sítáàṣì inú ike, jàre. Ẹ̀gẹ́ ni mò ń rin. Màá sẹ́ ẹ kí funfun rẹ̀ sìlẹ̀, màá fi omi tútù pò ó, màá wá da omi híhó lé e títí yóò fi ki. Ṣòkòtò tí ọkọ mi ń wọ̀ lọ Jímọ̀, tí mo bá fi sítáàṣì sí i, á nà gbọnrangandan bí pákó.

Lọ́jọ́ kan, mo sá a sórí okùn. Kí n tó jáde padà, ewúrẹ́ ìyá onílé, ẹran burúkú yẹn, ti jẹ ẹsẹ̀ kan dé orúnkún. Mo figbe ta. Ìyá onílé yọjú lójú fèrèsé.

"Ìyàwó, ìwọ lo se oúnjẹ sára aṣọ, o wá gbé e síta. Ta lo fẹ́ kó jẹ ẹ́?"