Ìbọn Tí Mo Yá Aládùúgbò Mi

Nígbà tí àwọn ìjọ àti yunifásítì ń ra ilẹ̀ káàkiri agbègbè Ọ̀tà, katakata tí wọ́n fi ń wó igi lé àwọn ọ̀yà kúrò nínú igbó, wọ́n sì ya wá sí ẹ̀yìn ilé wa ní Alápòtí. Ẹni tí kò tíì fọwọ́ kan ìbọn rí di ọdẹ. Èmi náà wà lára wọn. Iléeṣẹ́ irin ni mo ti ń ṣiṣẹ́ ní Ṣàngó, agbára mi ò ká ìbọn gidi, ni mo bá ra ṣakabùlà àlòkù lọ́wọ́ alágbẹ̀dẹ kan lójú ọ̀nà Ìgbẹ́sà.

Ọjọ́ àkọ́kọ́ tí mo yìn ín, ọ̀yà sá lọ, iná ló padà wá bá mi. Ó jó ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi, ó sì gbá irun ojú mi lọ. Ìgbà náà ni mo rí i pé ọ̀pá ìbọn yẹn ti sán, tí ẹnì kan sì fi ọ̀dà dúdú bò ó. Mo gbé e padà.

Alágbẹ̀dẹ náà ò tiẹ̀ wò ó. Ó ní, “Ẹ̀tù tẹ́ ẹ kì sí i ló pọ̀.”

“Ṣé ẹ rí ojú mi?”

“Mo rí i. Á jinná.”

Aládùúgbò mi kan, ọmọ Ọ̀ṣun tó ń ṣọ́ géètì fún ìjọ kan, pàdé mi nídìí ẹ̀rọ omi àdúgbò wa bí mo ṣe ń bọ̀. Ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, ẹran lẹ lọ pa ni, àbí ara yín?” Gbogbo àwọn tó wà nídìí omi rẹ́rìn-ín. Ìyàwó mi wà lára wọn. Ẹ̀rín yẹn dùn mí ju iná lọ.

Mo ra ọ̀dà, mo tún ibi tó sán kùn, mo fẹ́ wá ẹni tí mo máa tà á fún. Kó tó di pé mo rí ẹnikẹ́ni, aládùúgbò yìí wá bá mi.

“Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ yá mi ní ìbọn yín. Mo fẹ́ pa ẹran ìgbẹ́ fún pásítọ̀ wa.”

Mo gbé e fún un. Mo kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń kì í, mo kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń gbé e lé èjìká. Ó kù díẹ̀ kí n sọ pé ó ti sán. Mo rántí ẹ̀rín yẹn, mo panu mọ́. Mo fẹ́ kí iná jó ojú tirẹ̀ náà. N ò ní i lọ́kàn ju bẹ́ẹ̀ lọ, tàbí kó jẹ́ pé bí mo ṣe ń sọ fún ara mi nìyẹn.

Láàárọ̀ Sátidé, a gbọ́ ìró kan bí ìgbà tí sìlíńdà gáàsì bá bú. Ẹsẹ̀ ara rẹ̀ ni aládùúgbò mi fi rìn jáde nínú igbó, ó fi ṣẹ́ẹ̀tì wé ọwọ́ ọ̀tún. Ìka mẹ́ta ti lọ. Mo gbá a mú lórí ọ̀kadà títí a fi dé ọsibítù, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ń ṣàn sí ṣòkòtò mi.

Ó ń sọ ọ́ ṣáá pé, “Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú. Mo ti ba ìbọn yín jẹ́.”

Mo ní kó fi ìyẹn sílẹ̀.

Ìjọ gbàdúrà fún un ní Sọ́ńdè méjì. Nígbà tó di ẹlẹ́ẹ̀kẹta, ẹlòmíràn ló ń ṣí géètì.

Kó tó padà sílùú rẹ̀, òun àti ìyàwó rẹ̀ wá sílé wa. Ó fi ọwọ́ òsì gbé àgbébọ̀ adìyẹ kan dání. Ó dọ̀bálẹ̀, ìgbọ̀nwọ́ ló fi ti ilẹ̀ nítorí báńdéèjì.

“Ẹ dárí jì mí, ẹ̀gbọ́n. Ẹ̀bi mi ni.”

Ìyàwó mi, tó rí mi lọ́jọ́ tí mo ń kun ọ̀dà, ń wo ilẹ̀.

Mo ní, “Dìde. Mo ti dárí jì ọ́.”

Ọjọ́ Sọ́ńdè la pa adìyẹ náà. Ìyàwó mi sè é, ó gbé e síwájú mi, òun kò fẹnu kàn án. Mo jẹ ẹ́ tán.